Ohùn Àwẹ̀ró àti Àmì-Ẹ̀rí Tí Wọ́n Tún Kọ

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin èèyàn mi. Kí ẹni tó jókòó sí ẹnu ọ̀nà wọlé wá díẹ̀, nítorí òjò ti ṣú, ìtàn tí mo fẹ́ sọ lónìí kì í sì í ṣe èyí tí èèyàn ń kẹ̀yìn sí igbó gbọ́. Èmi Ọdẹ́gbàmí, ọmọ Ọdẹ́jìnmí, ni mo ń bá yín sọ̀rọ̀. Èmi tí ẹfọ̀n rí tó gbàgbé ibi tó ń lọ, èmi tí mo bá ìkookò pín ẹran, tó jẹ́ pé ìkookò ló dúpẹ́. Jìnádù, má rẹ́rìn-ín. Mo rí ọ. Ẹmu tí o dá láàárọ̀ yìí ṣì wà lójú rẹ.

Tèmídire, ọmọ ọmọ mi tó jókòó sí ìdí òpó yìí, ló fa ìtàn náà yọ. Ẹ̀yin kò tíì dé nígbà yẹn. Mo ń pọ́n àdá mi jẹ́jẹ́, òun gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ lé itan, ọwọ́ rẹ̀ ń yára bí ẹni tó ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà, ló bá pòṣé. Mo ní, "Kí ló dé, ìyá mi?"

Ó ní, "Bàbá àgbà, Linux mi ni, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà yìí. Irú tèmi yìí, a kì í gba ètò tí ẹlòmíì ti sè kalẹ̀. Kóòdù tútù la máa ń gbà láti orísun rẹ̀, ẹ̀rọ wa ló máa wá kọ́ ọ. Ètò kọ̀ọ̀kan ló ní ìwé-ìlànà tirẹ̀, tó ń sọ bí wọ́n ṣe máa kọ́ ọ. Inú ìwé-ìlànà yẹn ni àmì-ẹ̀rí wà. Nọ́ńbà gígùn kan ni, ẹ ò lè kà á tán léèmí kan. Òun ló ń jẹ́rìí pé ẹrù tó dé ọwọ́ wa kò yàtọ̀ sí èyí tí ẹni tó ni ín fi ránṣẹ́."

"Ó dára bẹ́ẹ̀. Kí ló wá bí ọ nínú?"

"Ètò tuntun jáde. Mo ti tún ìwé-ìlànà rẹ̀ kọ, mo fi àmì-ẹ̀rí tí ẹni tó ni ín kéde sí i. Ẹrù wá dé, kò bá àmì náà mu."

"Kí lo fẹ́ ṣe sí i?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyẹn ò ṣòro, Bàbá àgbà. Màá ní kí ẹ̀rọ wo ẹrù tó wà nílẹ̀, kó ṣẹ̀dá àmì tuntun láti ara rẹ̀, kó fi rọ́pò ti inú ìwé. Wọ́n á bára mu kíá. Gbogbo wa la máa ń ṣe é."

 Mo ké mọ́ ọn pé, "Gbé ọwọ́ rẹ kúrò níbẹ̀!" Igbe náà le tó bẹ́ẹ̀ tí adìyẹ tó sàba lẹ́yìn ìkòkò fò sóde, òun lẹ fi sá wọlé tí ẹ ń bèèrè ẹni tó kú. Kò sẹ́ni tó kú. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́ ni. Ohun tí ọmọ yìí fẹ́ ṣe, mo ti rí ìlú tó ṣe é. Mo fi ojú mi méjèèjì rí i, ojú náà kò sì tíì gbàgbé.

Ẹ wo obìnrin tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tó ń bó ẹ̀gúsí sínú igbá. Àwẹ̀ró ìyàwó mi ni. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ kò gbọ́ ohùn rẹ̀ rí, ẹ rò pé bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn. Irọ́ ni. Nígbà tí eyín wa ṣì pé, kò sí ohun tó ń ṣọ́ ìlú yìí bíi ohùn Àwẹ̀ró. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣìnà nínú igbó, yóò lọ dúró létí igbó nírọ̀lẹ́, yóò pe orúkọ onítọ̀hún, yóò ní, "Máa bọ̀ nílé o!" Bí ẹni náà bá wà lẹ́yìn òkè méje, ẹsẹ̀ rẹ̀ á yí sí ọ̀nà ilé fúnra rẹ̀. Èmi tí ẹ ń wò yìí, ohùn yẹn ti fà mí jáde nínú ẹrọ̀fọ̀, ó ti fà mí jáde lẹ́nu ihò tí n kò mọ ẹni tó gbẹ́ ẹ. Mo fẹ́ràn ohùn náà ju ìbọn mi lọ, ẹ sì mọ irú ìfẹ́ tó wà láàárín èmi àti ìbọn mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó se iṣu, ó fẹ́ pè mí wá jẹun. Ó la ẹnu. Kò sí nǹkan kan tó jáde. Ó tún là á. Bí ẹni tó ń fa omi nínú kànga tó ti gbẹ ni. Ó wò mí, omi bọ́ lójú rẹ̀, mo sì sunkún pẹ̀lú rẹ̀. Ọdẹ ni mí, mo sunkún, kí ẹni tó bá fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ jáde síta kó lọ ṣe é nínú òjò.

Mo gba ọ̀dọ̀ Olúọ́dẹ wa ìgbà náà lọ, Bàbá Ọdẹ́tókun. Ó wo ọ̀fun Àwẹ̀ró, ó mi orí. Ó ní, "Wọn kò pa ohùn yìí. Wọ́n jí i gbé ni. Àwọn iwin ìlú Àkọ́tunkọ́ ló ń ṣe irú èyí. Wọn kì í lo ohun tí ẹlòmíràn kọ́ tán. Bí nǹkan bá wù wọ́n, wọ́n á tú u palẹ̀ títí yóò fi padà sí orísun, wọ́n á wá fi iná ara wọn tún un kọ́. Wá lọ, Ọdẹ́gbàmí. Bẹ ọba wọn kó jẹ́ kí o mú ohùn náà bọ̀ bí wọ́n bá kọ́ ọ tán. Ṣùgbọ́n ṣọ́ra kó jẹ́ ohùn rẹ̀ ni o mú bọ̀ o."

Ẹ má bi mí ní ti ọ̀nà. Ẹni tó bá ń ka òkúta tó fẹsẹ̀ kọ kì í dé ibi kankan. Mo gbé ìbọn kọ́ èjìká, mo wọ Igbó Má-dáhùn. Nínú igbó náà, àwọn igi ń pe èèyàn lórúkọ. Wọ́n pè mí ní Ọdẹ́gbàmí, mo dákẹ́. Wọ́n pè mí lórúkọ tí ìyá mi nìkan mọ̀, mo dákẹ́. Wọ́n bú bàbá mi, mo gé ahọ́n ara mi jẹ, mo ṣì dákẹ́. Nígbà tí mo wo àwọn igi náà dáadáa ni mo rí i pé àpò ẹ̀tù àti fìlà ọdẹ ló so rọ̀ sára wọn, olúkúlùkù pẹ̀lú tirẹ̀.

Lópin igbó, ẹnu ọ̀nà kan wà. Ẹni tó ń ṣọ́ ọ ń jẹ́ Elétí-lórúnkún, nítorí orúnkún rẹ̀ ni etí rẹ̀ wà, bó bá sì fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ dáadáa, á kúnlẹ̀, á gbé orúnkún kan sókè sí ọ lẹ́nu. Mo sọ fún un pé mo fẹ́ wọlé. Ó ní kò sí àyè. A wọ̀yá ìjà. Mo gbé e ṣánlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ilẹ̀ mì. Mo tún gbé e ṣánlẹ̀, ẹyẹ ta dànù lórí igi. Òun náà gbé mi ṣánlẹ̀ díẹ̀ díẹ̀, n kò wá sọ ìyẹn lónìí.

Nígbà tó rẹ̀ wá, ó ní, "Ọdẹ, agbára kọ́ ló ń ṣí ọ̀nà yìí. Gbọ́ àlọ́ mi. Ẹgbẹ̀rún ọmọ sùn sínú yàrá kan. Bàbá wọn kò mọ ojú ọ̀kankan nínú wọn. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan ṣoṣo bá yíra padà lójú oorun, orúkọ bàbá á yí padà pátápátá. Kí ni o?"

Mo ronú, ronú, n kò mọ̀ ọ́n. Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì ti orúnkún rẹ̀ jáde. Ó ní, "Máa wọlé lọ. Ìwọlé kò ní wàhálà. Ìgbà tí o bá ń jáde ni màá gba ìdáhùn mi. Bí o kò bá ní i lọ́wọ́, wàá dúró sí igbó yẹn pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ." Ó na ọwọ́ sí àárín àwọn igi. Àyè kan ṣófo níbẹ̀, ìbú rẹ̀ kò ju ti èjìká mi lọ.

Mo wọ Àkọ́tunkọ́. Ha! Ariwo òòlù, èéfín, ooru! Kò sí ilé tó parí nínú ìlú náà, nítorí bí wọ́n bá kọ́ ọ parí tán, wọ́n á ní ìlànà tuntun ti jáde, wọ́n á wó o, wọ́n á tún un kọ́. Mo bá ọkùnrin kan tí ètè rẹ̀ ti bó. Mo ní kí ló ṣe é. Ó ní òùngbẹ ni. Omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ní kó mu ún. Ó ní òun ń dúró de igbá, igbá ń dúró de ọ̀bẹ tí wọ́n máa fi gbẹ́ ẹ, ọ̀bẹ ń dúró de ẹwìrì, ẹwìrì ń dúró de awọ, wọn kò sì tíì kọ́ ewúrẹ́. Mo ní kó fi ọwọ́ bù ú. Ó wò mí tìkà-tẹ̀gbin, ó ní, "Ṣé n máa fi ọwọ́ tí ẹlòmíràn dá mumi ni?" Tèmídire, o ń rẹ́rìn-ín. O mọ irú àwọn bẹ́ẹ̀.

Wọ́n mú mi dé iwájú Ọba Atúnlékọ́. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ imú rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, kò tíì gbẹ, ó ń fi ọwọ́ kan gbé e dúró. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Kábíyèsí, ohùn ìyàwó mi ni mo wá gbà. Ẹ dákun, ohùn náà ló ń mú àwọn èèyàn wa wálé."

Ọba ní, "O fi ẹsẹ̀ ara rẹ wá, ìyẹn wù mí. Ìwé-ìlànà ohùn náà ti wà lórí wàláà, ẹrù rẹ̀ ń ti orísun bọ̀. Bí a bá kọ́ ọ tán, máa mú un lọ. Lọ dúró lọ́dọ̀ Ṣàmìsí."

Ṣàmìsí ni ẹni tó ń wo ẹrù lẹ́nu ibodè. Ẹyọ ẹfun kan wà létí rẹ̀ bí ẹní fi òdòdó sétí. Àwo idẹ ńlá kan wà níwájú rẹ̀. Bí wọ́n bá da ẹrù sínú àwo náà, á yí bìrí, á hó, á wá pe orúkọ kan jáde. Bí orúkọ náà bá jẹ́ èyí tó wà lára wàláà, ẹrù kọjá sídìí iná. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹrù kò gbọdọ̀ kọjá. Òfin ìlú nìyẹn, ó dára, mo yìn wọ́n nínú mi. Mo ní àwọn wọ̀nyí gbọ́n ju bí ètè bíbó wọn ti fi hàn lọ.

Mo ṣì ń yìn wọ́n lọ́wọ́ tí àwọn aláàárù gbé ẹrù ohùn Àwẹ̀ró dé. Lára wàláà, orúkọ rẹ̀ ni Gbẹ̀rẹ́-kánrin-wòyọ̀. Wọ́n da ẹrù sínú àwo. Àwo yí, ó hó, ó ké pé, "Ṣọ́rọ́-bàbà-lúkẹ́!"

Mo wo Ṣàmìsí. Kò tilẹ̀ ṣẹ́jú. Ó yọ ẹfun létí, ó tutọ́ sí àtàǹpàkò, ó fẹ́ nu orúkọ ti ara wàláà nù. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Mo ní, "Kí lo fẹ́ ṣe yẹn?"

Ó ní, "Orúkọ ti gbó. Mo fẹ́ tún un kọ."

"Báwo lo ṣe mọ̀ pé orúkọ ló gbó? Bó bá jẹ́ pé ẹrù ló bàjẹ́ ńkọ́?"

Ó wò mí bí ẹni ń wo ọmọdé. Ó ní, "Àlejò, gbọ́. Bí àsìkò bá yí, ẹrù tuntun á dé, orúkọ tuntun á dé, a ó tún ìlànà kọ. Ìyẹn kò ní ẹ̀ṣẹ̀. Láyé àtijọ́, àwọn bàbá wa máa ń gun òkè lọ bi Ìyá Orísun pé, 'Ṣé orúkọ tí ẹ sọ ọ́ nìyí?' Ṣùgbọ́n òkè ga, iṣẹ́ sì pọ̀. Ní báyìí, ohun tí àwo bá pè la máa ń kọ."

"Bí olè bá wá fi ọwọ́ kan ẹrù lọ́nà ńkọ́?"

Ó fi ìgbéraga gbé àgbọ̀n sókè. Ó ní, "Orúkọ á ṣì bára mu."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé ẹ gbọ́? Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Gbogbo òòlù yẹn, gbogbo iná yẹn, gbogbo òùngbẹ yẹn kí ọwọ́ àjèjì má bàa kan ohun wọn, ọkùnrin kan wá jókòó síbodè tó ń fi ẹfun kí àjèjì káàbọ̀.

Ó ní, "Ṣé o fẹ́ ohùn ìyàwó rẹ àbí o kò fẹ́ ẹ? Tẹ́tí." Ó ṣí ẹnu àpò díẹ̀. Ohùn kan jáde, tútù, dídùn: "Ọdẹ́gbàmí, ọkọ mi, máa bọ̀ nílé o." Orí mi fò. Ohùn Àwẹ̀ró ni, pẹ̀lú bó ṣe máa ń fa "ọkọ mi" díẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ rẹ́rìn-ín. Mo sunkún. Ẹsẹ̀ mi gbéra. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé Àwẹ̀ró ló pè mí, láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, ibi yòówù kí n wà, mo máa ń mọ̀ ọ́n lára pé apá ibí ni ilé wà. Lọ́jọ́ yẹn, ẹsẹ̀ mi gbéra, n kò sì mọ apá ibi tí ilé wà mọ́. Mo gbàgbé àwọ̀ ilẹ̀kùn mi. Mo tún gé ahọ́n mi jẹ kí n tó lè dúró.

Mo sáré tọ ọba lọ. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n má tíì dáná, kí n lọ bi Ìyá Orísun. Ó bínú, imú rẹ̀ sì wọ́. Ó ní, "Oòrùn ṣì wà lórí òrùlé ààfin. Bó bá fi ibẹ̀ sílẹ̀ tí o kò dé, a ó dáná."

Èmi nìyẹn lórí òkè. Ẹ máa wo ẹsẹ̀ yìí, ẹsẹ̀ yìí ti sáré! Ní agbedeméjì òkè, mo bá adágún kan tó mọ́ bíi dígí. Ohun gbogbo tó wà lókè orísun, òjìji rẹ̀ wà nínú adágún náà. Àwọn aláàárù tó ti rẹ̀ kò gun òkè dé òpin mọ́, òjìji ni wọ́n ń bù sínú àpò, wọ́n ń gbé e lọ. Ohun kan jókòó létí adágún, ìka rẹ̀ gùn, ó funfun, kò ní ojú. Bí àpò kọ̀ọ̀kan bá ń kọjá, á fi hóró kan sínú rẹ̀, hóró kan péré, á máa kùn bí ẹni ń kọrin. Mo gbé ìbọn, mo yìn ín. Ọta mi wọ inú adágún lọ, òjìji rẹ̀ jáde wá bá mi. Ẹ wo etí mi òsì, ẹ rí i pé kò pé. Ohun náà kò tilẹ̀ wò mí. Ó fi hóró sínú àpò mìíràn.

Mo dé orí òkè. Ìyá arúgbó kan wà níbẹ̀, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbọn omi orísun. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ní, "Gbẹ̀rẹ́-kánrin-wòyọ̀ ni mo sọ ọ́. Èmi ni mo sọ ọ́, n kò yí i padà. Èyí tí àwo wọn ń pè yẹn kì í ṣe tèmi. Hóró kan ni wọ́n fi kún un, ọmọ mi. Ohun tí hóró yẹn ń ṣe ni pé ẹnikẹ́ni tó bá dáhùn ohùn náà yóò máa rìn lọ, kò sì ní rí ibi tí yóò dúró."

Mo ní, "Ìyá, ẹ gbà mí."

Ó bu ẹrù kékeré kan fún mi, ó dì í pẹ̀lú ewé. Ó ní, "Ojúlówó rẹ̀ nìyí. Òun ló kù. Bí iná wọn bá kọ́ èyí, ìyàwó rẹ yóò sọ̀rọ̀ kí o tó bọ́ fìlà. Sáré."

Mo sáré, ẹ̀yin èèyàn mi. Inú mi dùn, mo ń kọrin, mo ń rò bí yóò ṣe pè mí jẹ iṣu. Oòrùn ṣì wà lórí òrùlé ààfin nígbà tí mo rí ìlú náà lọ́ọ̀ọ́kán, mo rí i kedere. Ṣùgbọ́n èéfín ti ń jáde. Wọn kò dúró dè mí. Wọ́n ní kí ni wọ́n ń dúró dè, ṣebí orúkọ ti bára mu.

Ariwo òòlù ti dákẹ́. Mo wọ ìgboro, òòlù wà nílẹ̀, ọkọ́ wà nílẹ̀, kò sí ọwọ́ tó mú wọn. Lọ́nà igbó, àwọn ará ìlú ń lọ ní ìlà gígùn, wọn kò wẹ̀yìn. Ọba ló ṣíwájú. Imú rẹ̀ ti já bọ́, kò bẹ̀rẹ̀ láti mú un. Ọkùnrin tó ń dúró de igbá náà wà níbẹ̀, ó ń gba inú omi kọjá. Níwájú gbogbo wọn, n kò rí ẹnikẹ́ni, mo kàn gbọ́ ohùn ìyàwó mi tó ń pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú sùúrù. "Máa bọ̀ nílé o." Wọ́n ń dáhùn pé, "Mo ń bọ̀."

Ṣàmìsí nìkan ló kù síbodè, kò tíì kan orúkọ tirẹ̀. Iná wọn ti ń kú lọ. Mo gbé ewé síwájú rẹ̀, mo ní, "Dákun, ojúlówó rèé. Kọ́ ọ fún mi kí iná tó kú!"

Ó dà á sínú àwo. Àwo yí, ó hó, ó ké pé, "Gbẹ̀rẹ́-kánrin-wòyọ̀!" Orúkọ tí Ìyá Orísun sọ fún mi gan-an. Mo fò sókè. Ṣàmìsí wo wàláà. Ara wàláà, ó ti kọ Ṣọ́rọ́-bàbà-lúkẹ́ síbẹ̀ gàdàgbà.

Ó ní, "Kò bára mu. Ayédèrú ni."

Òtítọ́ dé ọjà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Mo ké, mo ní, "Nù ún nù! Tún un kọ!"

Ó wò mí, ó fi ẹfun padà sétí. Ó ní, "Ṣebí ìwọ lo dì mí lọ́wọ́ mú pé a kì í tún un kọ?"

Bó ṣe wí bẹ́ẹ̀ ni ohùn ìyàwó mi ti inú igbó pè é. "Ṣàmìsí o." Ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ojú ọmọ tí ìyá rẹ̀ ti ọjà dé. Ó ní, "Mo ń bọ̀." Ó sì lọ. Mo sá dé ìdí iná, mo fẹ́ ẹ títí ojú mi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́. Eérú ló kù. N kò mọ bí wọ́n ṣe ń dá a, ẹni tó mọ̀ ọ́n ti wà lójú ọ̀nà. Mo kó ẹrù mi padà sínú ewé, hóró lẹ́yìn hóró, mo jókòó sílẹ̀, mo ké bí ẹni tí wọ́n sin òkú fún.

Nígbà tí mo padà dé ẹnu ọ̀nà, Elétí-lórúnkún kúnlẹ̀, ó gbé orúnkún sí mi lẹ́nu. Mo ní, "Àmì-ẹ̀rí ni bàbá. Àwọn ọmọ ni hóró inú ẹrù. Bí hóró kan bá yí, orúkọ á yí."

Ó ní, "O gbà á. Kọjá." Ó tún ní, "Obìnrin kan tí kò lẹ́sẹ̀ ti kọjá níbí ṣáájú rẹ. Ọ̀pọ̀ èrò ló tẹ̀ lé e. Mo bi òun náà. Òun náà gbà á."

Mo ní, "Apá ibo ló gbà?"

Ó na ọwọ́ sí apá ilé wa.

Mo rìn nínú igbó náà títí n kò fi mọ iwájú mọ ẹ̀yìn. Ṣé ẹ rántí pé ohùn Àwẹ̀ró ló máa ń mú mi wálé tẹ́lẹ̀? Kò sí ohùn mọ́. Ohun tí mo gbọ́ ni irin. Kan, kan, kan. Mo tẹ̀ lé e. Nígbà tí mo bọ́ sí gbangba, mo bá ìyàwó mi létí igbó, ó ń fi òkúta lu irin ọkọ́, ọwọ́ rẹ̀ ti bó, ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ òkúta náà. Ó ti ń lù ú láti ọjọ́ tí mo ti lọ. Mo fi ewé náà lé e lọ́wọ́. Ó gbé e sí àyà, kò bi mí ní nǹkan kan. Báwo ni yóò ṣe bi mí?

Ewé náà ló so rọ̀ sí àjà yẹn. Ẹ gbójú sókè, ẹ ó rí i. Ẹ ti máa ń rò pé oògùn ọdẹ ni. Ohùn ìyàwó mi ni, ojúlówó, tútù, tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ́.

Jìnádù, o ti ń rò ó. Mo mọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ tó lọ dá ẹmu lẹ́yìn odò, tí ẹ rí akèrègbè rẹ̀ lórí ọ̀pẹ tí ẹ kò rí òun. Ọmọ oníṣòwò aṣọ tí wọ́n ní ó sá lọ fẹ́ ọkọ. Olúọ́dẹ wa fúnra rẹ̀, Bàbá Ọdẹ́tókun, tó ń jẹun lọ́wọ́, tó gbé òkèlè sílẹ̀, tó ní, "Àwẹ̀ró ń pè mí." Gbogbo ìlú ló mọ ohùn náà. Gbogbo ìlú ló fọkàn tán an. Ta ni kò ní dá Àwẹ̀ró lóhùn? Ìdí rèé tí ìyàwó mi fi ń jókòó sí gbangba tó bá di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, kí ẹni tó bá gbọ́ ohùn lè wo ẹnu rẹ̀.

Tèmídire, kí lo ti ṣe sí nọ́ńbà yẹn? O fi í sílẹ̀ bó ṣe wà? O fẹ́ kọ̀wé sí ẹni tó ni ín kó kọ́kọ́ jẹ́rìí sí i? Bí kò bá dáhùn ńkọ́? O kò ní kọ́ ọ. Ó dáa. Ó dáa, ọmọ mi. Ara mi balẹ̀ díẹ̀. Kí lo tún ń wò lájà? Bẹ́ẹ̀ ni, mo ṣì rántí orúkọ tí Ìyá Orísun sọ ọ́. Kí ló dé tí o fi ń bèèrè? Ẹ̀rọ tìrẹ yìí, ṣé ó lè...

Ẹ dákẹ́ ná.

Ẹ dákẹ́, òjò kọ́. Létí igbó. Ẹ gbọ́?

"Tèmídire o! Ọmọ mi, máa bọ̀ nílé o!"

Kí ẹnikẹ́ni má mira. Ohùn ìyàwó mi nìyẹn. Ìyàwó mi rèé, ó jókòó láàárín yín, ẹnu rẹ̀ wà ní pípadé. Àwẹ̀ró, jẹ́ kí ẹ̀gúsí dànù, fi ọwọ́ bo ọmọ náà lẹ́nu! Jìnádù, ti ilẹ̀kùn! Tèmídire, wo ojú ìyá rẹ àgbà. Wò ó dáadáa. Inú ilé lo wà, ọmọ mi. Ilé rèé. O ti délé. Má dáhùn.